Orí Keje: Wàrà Sókótó àti Bakitéríà tí Oògùn Ò Ràn Mọ́

Kofar Kware jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè ìlú Sókótó, ìlú tí Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usmanu Danfodiyo, tẹ̀ dó ní 1809. Ọ̀nà Kware, tí ẹnubodè yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gba Gwadabawa àti Illela kọjá kó tó wọ Birnin Konni ní orílẹ̀-èdè Niger. Màlúù ń bá ọ̀nà náà wọ ìlú, nọ́nò, ìyẹn wàrà kíkan, náà sì ń bá a wọlé. Àwọn obìnrin Fúlàní a ru igbá wàrà kíkan lórí, wọn a fi ọmọrí híhun dé e, ẹni tó bá fẹ́ mu ún a ní kí wọ́n po fùrá jéró mọ́ ọn. Nínú oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ooru Sókótó máa ń kọjá 40°C, igbá fùrá kan ni oúnjẹ ọ̀sán ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́.

Màlúù tó ń pèsè wàrà yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rọ ń fún ní Yúróòpù. Gudali Sókótó tí àwọn Fúlàní ń pè ní Bokoloji, Bunaji funfun tó kún ọjà ẹran ilẹ̀ Yorùbá, àti Rahaji pupa ló wọ́pọ̀ jù. Lọ́wọ́ darandaran, màlúù kan lè má fún ènìyàn ju lítà kan tàbí méjì lọ lójúmọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mu tirẹ̀. Wọn a jẹ́ kí ọmọ náà fa ọmú díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀, wọn a wá so ó mọ́ ìtòsí ìyá rẹ̀, ìgbà náà ni wọn a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un sínú igbá. Nígbà tí wàrà bá kéré tó báyìí, ọmú kan tó wú jẹ́ òfò gidi fún obìnrin tí owó nọ́nò jẹ́ owó ọjà rẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn ti wọ ọ̀rọ̀.

Ọmú tó wú

Àrùn ọmú wíwú wà lára àwọn àìsàn tó ń gba owó jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin màlúù oníwàrà káàkiri ayé. Bakitéríà ló sábà máa ń fà á. Staphylococcus aureus, tó ń gbé lára àti nínú imú ènìyàn pàápàá, ń bá ọwọ́ ẹni tó ń fún wàrà dé orí ọmú. Escherichia coli ń ti inú ìgbẹ́ màlúù wá. Streptococcus agalactiae ní tirẹ̀ a máa ti ara màlúù kan bọ́ sára èkejì, pàápàá níbi tí ẹnì kan náà ti ń fún màlúù mẹ́wàá láì fọ ọwọ́ láàárín wọn.

Nígbà mìíràn ojú lè rí àrùn náà: ọmú a wú, a gbóná, wàrà a ní wóro-wóro tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú. Èyí tó fara pamọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Màlúù ń jẹun, wàrà rẹ̀ funfun, àmọ́ ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ìdí. Láti 1957 ni àwọn onímọ̀ ní California ti gbé àyẹ̀wò kan jáde tí kò gba ẹ̀rọ rárá: wọn a fún wàrà díẹ̀ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú àwo pẹlẹbẹ, wọn a da omi kan tó fara jọ omi ọṣẹ sí i, wọn a sì máa yí àwo náà. Wàrà ọmú tó dá a máa ṣàn bí ó ti ń ṣàn, ti ọmú tó ń ṣàìsàn a ki, a máa yọ̀ bí ewédú. Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn lè ṣe é kó tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́.

Abẹ́rẹ́ tó ṣáájú dókítà

Ní ọ̀pọ̀ agbo, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sáré sí ṣáájú àyẹ̀wò. Oxytetracycline, áńtíbáyọ́tíìkì tí ayé mọ̀ láti 1950, wà lára àwọn oògùn tí darandaran Nàìjíríà mọ̀ dunjú. Inú ìgò mílílítà 100 ló sábà máa ń wà, omi rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ń tà á ní ọjà ẹran láìsí ìwé dókítà kankan, òun, penisilíìnì tí wọ́n pò mọ́ streptomycin, àti tylosin.

Ìṣirò tó wà lára ìgò kò ṣòro. Èyí tó lágbára 20%, tó ń pẹ́ nínú ara, mílílítà kan ló wà fún kílò mẹ́wàá ara màlúù. Màlúù tó bá wúwo tó kílò 300 yóò gba mílílítà 30, a ó sì pín in sí ojú ibi mẹ́ta, nítorí pé ojú ibi kan kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n màlúù nínú igbó, ìgò kan sì wọ́n. Ẹni tí màlúù mẹ́fà ń ṣàìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ a fa mílílítà mẹ́wàá-mẹ́wàá sí wọn kí ó lè kárí. Ìdá kan nínú mẹ́ta oògùn tó yẹ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Bí màlúù bá sì dìde lọ́jọ́ kejì, kò ní sí abẹ́rẹ́ mìíràn mọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìsàn náà kì í ṣe ti bakitéríà rárá. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn ẹnu àti pátákò, kòkòrò tí eṣinṣin ń gbé kiri ló ń fa àrùn trypanosome, oxytetracycline kò sì lè pa èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àárẹ̀ tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ a lọ, oògùn a gba ìyìn, wọn a tún ra ìgò mìíràn.

Ó rọrùn láti jókòó sí kíláàsì kí a máa dá darandaran lẹ́bi. Sókótó ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, tó sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko àti ilé-ìwòsàn ẹranko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agbo tó ń ṣí kiri láàárín Illela àti odò Rima kò lè da màlúù tí kò lè dìde wá sí ìlú, dókítà ẹranko tó wà kò sì tó nǹkan. Ẹni tó ń ta oògùn lórí àtẹ ni dókítà tí darandaran náà ní. Ètò tí kò bá ka ọlọ́jà yìí mọ́ àwọn tó yẹ kí a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, orí ìwé nìkan ni yóò mọ.

Bí oògùn ṣe ń di aláìràn

Nígbà tí ohun gbogbo bá dẹrùn fún un, E. coli kan a máa di méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá, ẹyọ kan náà yóò ti kọjá bílíọ̀nù kan. Gbogbo ìgbà tó bá ń pín, ó ní láti da DNA rẹ̀ kọ, àṣìkọ díẹ̀ a sì máa wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìkọ kò wúlò, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa bakitéríà náà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan a bọ́ sí ibi tí yóò mú kí oògùn má ràn án.

Oríṣiríṣi ni ọgbọ́n náà. Oxytetracycline ń dí iṣẹ́ ráíbósóòmù lọ́wọ́, ìyẹn ibi tí bakitéríà ti ń ṣe purotéènì rẹ̀. Bakitéríà kan á ṣe purotéènì tó ń fa oògùn náà jáde bó ṣe ń wọlé, òmíràn á dáàbò bo ráíbósóòmù rẹ̀ kí oògùn má rí ibi dì mú. Penisilíìnì kì í jẹ́ kí bakitéríà mọ ògiri ara rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan ti ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé penisilíìnì sí wẹ́wẹ́ kó tó débẹ̀. Èyí tó le jù ni pé DNA tó gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà lórí òrùka DNA kékeré kan tí wọ́n ń pè ní plasmid. Bakitéríà kan lè fún òmíràn ní ẹ̀dà rẹ̀, kódà bí wọn kò bá jẹ́ ìran kan náà. Òrùka kan ṣoṣo lè gbé ọgbọ́n oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fi oxytetracycline gún màlúù lè máa ṣọ́ bakitéríà tí ampicillin náà kò ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, láì jẹ́ pé ó ra ampicillin rí.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣì gbọ́. Kì í ṣe ara màlúù tàbí ara ènìyàn ni oògùn kò ràn mọ́, bakitéríà ni. Ènìyàn tí kò gba áńtíbáyọ́tíìkì kan rí láyé rẹ̀ lè kó bakitéríà tí oògùn kò ràn láti inú ife wàrà.

Oògùn náà kọ́ ló sì dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge tó ń ṣèwádìí àrùn ọmú wíwú rí Staphylococcus aureus kan nínú wàrà màlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí methicillin, ọmọ ilé penisilíìnì, kò ràn, tí àyẹ̀wò DNA tí ayé ń lò nígbà náà kò sì lè dá mọ̀. Apilẹ̀ àbùdá kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ló gbé, èyí tí wọ́n wá ń pè ní mecC lẹ́yìn náà. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé inú agbo màlúù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ara hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan ní Yúróòpù tó dà bí ọmọ òòrẹ̀, ni irú bakitéríà yìí ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí Alexander Fleming tó ṣàwárí penisilíìnì ní 1928. Olú kan tó ń gbé ní awọ ẹranko náà ń ṣe nǹkan tó jọ penisilíìnì, bakitéríà sì ti kọ́ bí yóò ṣe máa bá a gbé. Ọgbọ́n náà ti wà láyé. Iṣẹ́ tí àṣìlò oògùn ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn tí kò ní in, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ní in láti gba ilé.

Ohun mẹ́ta nínú igbá kan

Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa wàrà gbọ́dọ̀ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Ìkíní ni ìyókù oògùn tó bá wàrà jáde láti ara màlúù tí wọ́n gún. Ìkejì ni bakitéríà alààyè tí oògùn kò ràn. Ìkẹta ni DNA tí bakitéríà náà lè gbé fún àwọn tó ti wà nínú ìfun ẹni tó mu ún.

Iná ń ṣẹ́gun èkejì. Bí wàrà bá gbóná dé 63°C tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15, àwọn bakitéríà tó ń fa àìsàn yóò kú, yálà oògùn ń ràn wọ́n tàbí kò ràn wọ́n. Bakitéríà tó borí oògùn kò borí ooru. Ṣùgbọ́n iná kò lè mú gbogbo ìyókù oògùn kúrò, kò sì lè ba májèlé tí Staphylococcus aureus ti tu sínú wàrà tó pẹ́ nínú oòrùn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wàrà tí wọ́n sè lálẹ́ lẹ́yìn tó ti wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀ fi lè mú ènìyàn bì.

Nọ́nò ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì ní ààbò tirẹ̀. Wàrà tí a kò sè ni ọ̀pọ̀ ń lò láti ṣe é, wọn a fi díẹ̀ lára ti àná sí i kí ó lè kan. Àwọn bakitéríà rere tó ń mú un kan ń tú ásíìdì jáde, ásíìdì náà sì ń fún ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú lọ́rùn. Kò pa gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria àti ti Sókótó ti rí Staphylococcus aureus àti E. coli tí oògùn kò ràn nínú wàrà tútù àti nọ́nò tí wọ́n rà lọ́jà. Brucella náà ń bá wàrà tútù rìn, ibà rẹ̀ a sì máa gba ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú doxycycline àti oògùn mìíràn. Ọmọ ilé kan náà ni doxycycline àti oxytetracycline tí wọ́n ń fi gún màlúù láì wọ̀n ọ́n.

Ní ti ìyókù oògùn, ìgbìmọ̀ Codex tó ń ṣètò ìlànà oúnjẹ fún àgbáyé gbà pé lítà wàrà kan kò gbọdọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 100 oxytetracycline lọ, penisilíìnì kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Láti má kọjá ibẹ̀, ọjọ́ ìdúró wà lára ìgò. Ìwé tó wà lára irú oxytetracycline 20% kan ní Amẹ́ríkà sọ pé kí a má lo wàrà màlúù náà fún wákàtí 96 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, kí a má sì pa á jẹ fún ọjọ́ 28. Ọjọ́ mẹ́rin láìta nọ́nò! Kò sí ẹni tó ń san owó ọjọ́ mẹ́rin yẹn fún obìnrin tó ni igbá. Ọmọ màlúù pàápàá kò lè dúró, ọmú yẹn náà ni yóò máa mu, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà inú ìfun rẹ̀ yóò ti máa pàdé oògùn láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí Sókótó. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2010 lórí màlúù tí wọ́n pa ní Àkúrẹ́, ẹran 180 ni wọ́n yẹ̀ wò: 98 nínú wọn ní ìyókù oxytetracycline, ti 62 sì kọjá ìwọ̀n tí ìlànà àgbáyé gbà. Àríwá ni ọ̀pọ̀ màlúù tí ìlú Yorùbá ń jẹ ti ń wá, ẹran tí wọ́n gún ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò lè dé orí pátákó alápatà kí oògùn tó kúrò lára rẹ̀. Wàràkàṣì Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ sàn díẹ̀ ní ti bakitéríà, nítorí wọ́n ń gbé e ka iná kó tó dì, ọ̀pọ̀ sì tún ń dín in. Ewu tirẹ̀ wà lára omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí àti ọwọ́ tó ń yọ ọ́ fún oníbàárà.

Illinois, 1985

Ẹni tó bá rò pé igbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn yẹ kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà, ní 1985. Wàrà ilé-iṣẹ́ ńlá kan, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbé kaná bí òfin ṣe wí, kó Salmonella tí ọ̀pọ̀ áńtíbáyọ́tíìkì kò ràn ran àwọn ènìyàn. Àwọn tí yàrá àyẹ̀wò fìdí àìsàn wọn múlẹ̀ lé ní 16,000. Ìṣirò àwọn onímọ̀ nípa gbogbo ẹni tó kó o súnmọ́ 200,000. Wọ́n tún ṣàkíyèsí ohun kan tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú lé lórí: àwọn tó ti ń lo áńtíbáyọ́tíìkì fún nǹkan mìíràn kí wọ́n tó mu wàrà náà ló tètè kó o jù. Oògùn ti pa àwọn bakitéríà rere inú ìfun wọn, Salmonella tí oògùn kò ràn sì bá ilé lófìfo.

Nàìjíríà kò sí lẹ́yìn nínú ìṣòro yìí. Ìṣirò tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2022 sọ pé mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni àrùn tí oògùn kò ràn pa ní tààrà lágbàáyé ní 2019, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì burú jù tí a bá fi iye olùgbé ṣírò rẹ̀. Ti Nàìjíríà nìkan tó nǹkan bí 64,500. Kì í ṣe màlúù ló fa gbogbo rẹ̀. Kápúsù tí wọ́n ń rà ní méjì-méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì ní ipa ńlá níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìgbésẹ̀ jáde ní 2017, ó pa ọ̀rọ̀ ènìyàn, ẹran àti àyíká pọ̀, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹran ọ̀sìn nìkan sílẹ̀ ní 2024. Yúróòpù ti fòfin de áńtíbáyọ́tíìkì tí wọ́n ń fi mú ẹran sanra láti 2006. Amẹ́ríkà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo òfin rẹ̀, kò sọ ọ́ di dandan pé kí dókítà kọ̀wé fún gbogbo áńtíbáyọ́tíìkì pàtàkì tí wọ́n ń lò fún ẹran títí di oṣù kẹfà 2023.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Àyẹ̀wò kan wà tí kíláàsì lè ṣe láìsí yàrá àyẹ̀wò, orí ohun tí àwọn tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì ti mọ̀ tipẹ́ ló sì dúró lé: wàrà tí oògùn wà nínú rẹ̀ kì í fẹ́ dì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò se wàrà tó rà, yóò jẹ́ kó tutù títí ọwọ́ yóò fi lè gbà á, ní nǹkan bí 43°C, yóò sì bù ú sí ife kan. Nínú ife kejì, yóò po wàrà oníyẹ̀fun tó dá a lójú pé kò ní oògùn, òun náà ní ìwọ̀n ooru kan náà. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan yógọ́ọ̀tì tí bakitéríà inú rẹ̀ ṣì wà láàyè ni yóò fi sí ife méjèèjì, yóò sì fi aṣọ bò wọ́n síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ife kejì bá dì tí ìkíní sì ń ṣàn bí omi, ìfura wà pé oògùn ń bẹ nínú rẹ̀. Ìfura ni o, kì í ṣe ìdájọ́: omi tí wọ́n bù là á tàbí ìyókù omi jíìkì inú ike lè fa irú rẹ̀, oògùn tó kéré sì lè má fara hàn.

Ife tó dì kò sọ ohunkóhun nípa bakitéríà tí oògùn kò ràn. Ìyẹn di ọwọ́ yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀, wọn a tẹ́ E. coli tí wọ́n rí nínú wàrà sórí àwo oúnjẹ bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Mueller-Hinton, wọn a fi bébà róbótó kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e, wọn a sì gbé e sínú ooru 35°C di ọjọ́ kejì. Níbi tí oògùn ti ṣiṣẹ́, òrùka mímọ́ kan a yí bébà náà ká. Fún tetracycline, bí òrùka náà bá fẹ̀ tó mílímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn ń ràn án. Bí ó bá jẹ́ 11 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kò ràn án, dókítà ẹranko yóò sì wo àwọn òrùka yòókù lójú àwo kan náà kó tó pinnu abẹ́rẹ́ tí màlúù náà yóò gbà.